Àmù Kan, Páànù Mẹ́rin

Èmi ni wọ́n ní kí n máa kọ ọ́ sílẹ̀,
torí lẹ́tà mi a máa dúró ṣánṣán lórí ìlà.
Ọ̀nà mẹ́ta ni ìwé náà pín sí:
Ohun tí a tà. Ẹni tó rà á. Iye tó san.

Ìjì ọjọ́ Àlàmísì ló ṣí òrùlé ilé ìgbẹ̀bí Òkèlele,
ó ká a bí ẹní, ó lọ gbé e kọ́ igi dọ̀ngóyárò.
Nọ́ọ̀sì Sàfúrátù ṣí agboòrùn lé ẹni tó ń rọbí lórí.
Ọmọ náà jáde. Òjò ló kọ́kọ́ wẹ̀ ẹ́.

Ni ìgbìmọ̀ bá jókòó, wọ́n ní kí oníṣẹ́ ọnà mú nǹkan wá.
Wọn ò ránṣẹ́ sí oní-sìmẹ́ńtì.
Wọn ò ní kí onípáànù fi ìdì kan tọrẹ.
Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ ni wọ́n na ọwọ́ sí,
a ò sì bínú, a kàn ṣàkíyèsí rẹ̀ ni.

Álúfà Búsàírì mú wàláà kan wá,
tàdáwà rẹ̀ ń dán bí ojú ẹyẹ.
Jìnádù ahunṣọ mú aṣọ òfì kan
tí ọkọ ìyàwó kan kò padà wá gbà.
Ọmọkùnrin tó ń kun pátákó ṣọ́ọ̀bù ya odò Asà
ní àwọ̀ tí odò Asà kò ní rí.

Ìyá mi gbé àmù kan jáde láti ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn,
èyí tí kò tà fún ẹnikẹ́ni láti ìgbà tí Nímọ́tà, àbúrò rẹ̀, ti kú.
Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ mọ ọ́n:
ọ̀kan ń rìn yí i po, tó ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ amọ̀,
èkejì ń fi ṣùkù àgbàdo yí ọ̀nà sí i lọ́rùn.
Wọ́n sun ún nínú koríko gbígbẹ,
wọ́n bu omi èèpo irúgbá lù ú nígbà tó ṣì pọ́n bí ẹyín iná.
Mo ní, "Ìyá, ẹ mú òmíràn."
Ó ní, "Òmíràn wo? Ṣé èyí tó sán ni kí n gbé lọ?"

Nínú gbọ̀ngàn, wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sábẹ́ rẹ̀,
wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má bu omi sí i, iṣẹ́ ọnà ni.
Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi fi ìborùn nu ojú:
"Àmù tí òùngbẹ ń gbẹ."

Wọ́n ní ìkòkò tó máa jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná.
Èyí kò jẹ ata rí. Ìdí tèmi ló ń gbóná lórí àga
nígbà tí wọ́n ké ẹgbẹ̀rún márùn-ún, tí gbogbo ilé dákẹ́.
Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá. Ẹnìkan wúkọ́.
Àlájì Kàmọ́rù, onítáyà, ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù,
ó kàn na ìka kan sókè: ọ̀kẹ́ méjì.

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní kó dìde kí wọ́n rí i.
Wọ́n ya fọ́tò òun àti àmù.
Ìyá mi ló dì í mú lápá kan kó má baà yí;
fọ́tò gé e sọnù, ó ku ọwọ́ rẹ̀.

Mo kọ ọ́: Àmù. Àlájì Kàmọ́rù. Ọ̀kẹ́ méjì.
Ìlà tán.
Mo wá yí ìwé náà sí ẹ̀gbẹ́, mo kọ ọ́ sí etí rẹ̀,
Àwáwù àti Nímọ́tà, ẹbu Dàda.
Akápò ní kí n pa á rẹ́, pé kò sí ibi tó bọ́ sí.
N ò pa á rẹ́.

Mo gbọ́ pé agboòrùn ni wọ́n ń kó sínú rẹ̀ báyìí nílé Àlájì.
Ọ̀kẹ́ méjì ra páànù mẹ́rin.
Mo mọ̀ wọ́n: àwọn tó wà lókè bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé.

Lálẹ́ àná òjò ṣú, a sáré síta
láti fi ọ̀rá bo ìkòkò tútù tí a kò tíì sun.
Ìyá mi dúró láàárín àgbàlá, ó gbé ọwọ́ sókè:
"Gbọ́."
Láti apá ilé ìgbẹ̀bí, òjò ń lu páànù.
"Nímọ́tà nìyẹn," ó ní. Lẹ́yìn náà:
"Kí lò ń wò? Di etí ọ̀rá yẹn mú. Amọ̀ ń rọ̀."